Kí Ni Ìlù Yẹn Ń Sọ? Bí Òǹkà Márùn-ún àti Méje Ṣe Lè Wọ Ẹsẹ̀ Oníjó

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ onílù, akọrin àti atẹdùrù sọ ní Ṣágámù. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin àgbà onílù tó jókòó lápá ọ̀tún mi yìí, mo júbà yín kí n tó lanu, torí iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ sọ níwájú yín. Kí ìbà mi ó ṣẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́, Òde Rẹ́mọ, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, ẹ kú ìrìn. Mo rí i pé àwọn kan gbé gángan dání, àwọn kan gbé jìtá. Ẹ má gbé wọn jìnnà o, a máa lò wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ nìyí: orin tí òǹkà rẹ̀, ìyẹn iye bíìtì tó wà nínú ìyípo kan kí ìlù tó tún bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe mẹ́rin, tí kì í ṣe mẹ́ta, orin olóǹkà márùn-ún, orin olóǹkà méje, báwo la ṣe máa ṣe é tí ara á fi gbà á, tí ẹsẹ̀ á fi jó o? Ìbéèrè gidi ni. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ẹ sì ń gbìyànjú rẹ̀ nílé. Mo tún mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá gbé e dé iwájú èrò, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún kan, mo kọ orin kan fún ọjọ́ ìkórè ní ìjọ wa. Èmi ni mò ń tẹ dùrù nígbà náà. Ara mi gbóná, mo fẹ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí níbẹ̀, mo bá fi òǹkà márùn-ún kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi dán an wò. Àwọn akọrin mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń lu dírọ́ọ̀mù mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ ìkórè pé, wọ́n pe ẹgbẹ́ àwọn ìyá pé kí wọ́n máa jó bọ̀ pẹ̀lú ọrẹ wọn. La bá bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan ló ṣáájú. Ó ru àwo iṣu, ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, ó ti ń mi èjìká bọ̀ kí ìlù tó dún rárá. Ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ òsì, ó tẹ ọ̀tún, ó tẹ òsì, ó wá gbé ọ̀tún sókè láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, àmọ́ ìlù wa ò tíì ṣe tán. Ẹsẹ̀ náà dúró lókè. Láti ẹ̀yìn dùrù ni mo ti rí i: sálúbàtà kan nínú afẹ́fẹ́ tí kò mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Àwọn tó tẹ̀ lé e rọ́ lù ú lẹ́yìn. Ijó di ìrìn, ìrìn di ìdúró. Bàbá onígángan wa ló kó wa yọ. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti yí ìlù náà sí mẹ́rin, ó lu èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ijó sì gbéra padà.

Nígbà tí ìsìn parí, bàbá yẹn pè mí sábẹ́ igi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni ìlù yẹn ń sọ?"

Mo ní, "Bàbá, márùn-ún ni."

Ó ní, "Mi ò bi ọ́ pé mélòó ni. Mo ní, kí ló ń sọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìlù mi ò sọ nǹkan kan. Iye ni mo kà, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ohun tí mo bá wá síbí lónìí, inú ìbéèrè bàbá yẹn ló wà.

Ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè náà báyìí. Gbogbo wa, ẹ bá mi sọ ọ́: Ṣágámù Rẹ́mọ. Ẹ tún un sọ. Ṣágámù Rẹ́mọ. Ẹ fi ìka kà á: Ṣá, gá, mù, Rẹ́, mọ. Mélòó ni? Márùn-ún. Ta ló kà á nínú yín kó tó sọ ọ́? Kò sí. Ta ni ahọ́n rẹ̀ kọ́? Kò sí. Márùn-ún tó kọ́ ẹsẹ̀ ìyá yẹn lọ́jọ́ ìkórè, òun náà lẹ ń sọ láti kékeré yìí.

Ibo ni ọ̀rọ̀ náà wúwo sí? Ó wúwo lórí "Ṣá", ó tún wúwo lórí "Rẹ́". Mẹ́ta ló ṣáájú, méjì tẹ̀ lé e. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí ibi méjèèjì yẹn nìkan. Ṣágámù, Rẹ́mọ. Ṣágámù, Rẹ́mọ. Ẹ ṣeun.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ má bínú, mo mú tiyín náà dání. Ẹ sọ ọ́: Ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọ, mọ, Ì, jẹ̀, bú. Tí a bá ń yára sọ̀rọ̀, a máa ń gbé "Ì" yẹn mì. Nínú orin, ẹ má gbé e mì, ẹ jẹ́ kó gba àyè tirẹ̀. Márùn-ún náà ni, àbí? Ṣùgbọ́n ṣé ìrìn kan náà ni? Rárá o. Méjì ló ṣáájú níbí, mẹ́ta ló tẹ̀ lé e. Tí ẹnì kan bá wá bá yín tó ní, "Orin yìí, márùn-ún ni," kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ bi í léèrè: ṣé Ṣágámù Rẹ́mọ ni, àbí Ọmọ Ìjẹ̀bú? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Gbogbo òǹkà tó ń ṣe wá bí àlejò, méjì àti mẹ́ta la fi so ó pọ̀. Márùn-ún, méjì kan àti mẹ́ta kan ni. Méje, méjì lọ́nà méjì àti mẹ́ta kan ni: "Ẹ wá, ẹ jó, Ṣágámù." Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ wá, méjì. Ẹ jó, méjì. Ṣágámù, mẹ́ta. Ìka ọwọ́ ò dọ́gba, márùn-ún ni wọ́n, ọwọ́ sì ń di nǹkan mú ṣinṣin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ orin, ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi sínú òǹkà náà ní ohùn tirẹ̀. Ṣágámù, òkè, òkè, ìsàlẹ̀. Rẹ́mọ, òkè, àárín. Gángan lè sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí ẹ bá wá jẹ́ kí orin gun òkè lórí "mù", etí á wá ọ̀rọ̀ náà tì, tí etí bá sì ń wá ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ò ní jó. Ìjà yìí pẹ́. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìjọ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé e lé ohùn orin àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló yí padà lẹ́nu wa. Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Kírísítì l'Ékòó, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Nínú òǹkà mẹ́rin, ẹ lè ṣe àṣìṣe yẹn kí ijó ṣì máa lọ, torí ẹsẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Nínú márùn-ún, ọ̀rọ̀ ni atọ́nà kan ṣoṣo tí oníjó ní. Tí ẹ bá dojú ọ̀rọ̀ náà rú, ẹ ti fọ́ àtùpà rẹ̀ nìyẹn.

Ó dáa. Mo fẹ́ kọjá sí ọ̀rọ̀ kejì, èyí tó mú inú mi dùn jù nínú gbogbo ohun tí mo mú wá.

Àwọn kan ń sọ pé márùn-ún àti méje kì í ṣe tiwa, pé ti àwọn òyìnbó onímọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní agogo lọ́wọ́? Bọ̀ síwájú, ọmọ mi. Lu kónkóló fún wa. Má yára. Ẹ fetí sí i.

Ìyípo kan rẹ̀, ìdá kéékèèké méjìlá ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀méje ni ọ̀pá kan irin. Ẹ wo bí àlàfo wọn ṣe rí: méjì, méjì, ọ̀kan, méjì, méjì, méjì, ọ̀kan. Ẹ ro ti àkọ́kọ́ pọ̀: méjì, méjì àti ọ̀kan. Márùn-ún! Ẹ ro ìyókù: méjì, méjì, méjì àti ọ̀kan. Méje! Márùn-ún àti méje, méjìlá. Àwọn àlejò méjèèjì tí ẹ ń bẹ̀rù, inú agogo ìyá àgbà yín ni wọ́n ń sùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Agogo yìí kan náà bá àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun, wọ́n ń lù ú ní Kúbà, wọ́n ń lù ú ní Bràsíìlì títí di òní.

Ẹ wá wo ẹsẹ̀. Ọmọ mi, máa lù ú lọ. Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá wa jó díẹ̀. Ẹ ò rí i? Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ẹsẹ̀ wọn ń balẹ̀ nínú ìyípo kan, ìdá mẹ́ta-mẹ́ta láàárín ẹsẹ̀ kan àti èkejì, ó dọ́gba ṣánṣán. Agogo ń tiro, ẹsẹ̀ ń rìn gaara. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹsẹ̀ àti agogo bára wọn pàdé: ní ìbẹ̀rẹ̀, àti ní ẹsẹ̀ kẹrin. Méjì tó kù, ẹsẹ̀ dá nìkan balẹ̀ síbi tí agogo ti dákẹ́. Ìyá ò wò ó, wọn ò kà á, wọn ò tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn dúró. Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ ṣeun gan-an.

Kí ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe? Ohun kan ń yí, ohun kan dúró. Tí gbogbo nǹkan bá ń tiro lẹ́ẹ̀kan náà, oníjó á ṣubú.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gan-an. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tí ẹsẹ̀ fi lè jó òǹkà tí kò dọ́gba.

Ọ̀nà kìíní, kí ẹsẹ̀ máa rìn dọ́gba, bíìtì kan, ìgbésẹ̀ kan. Ẹ ó wò ó pé márùn-ún ò ṣeé pín sí méjì, ẹsẹ̀ sì jẹ́ méjì. Bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ bá fi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ Ṣágámù Rẹ́mọ àkọ́kọ́, òsì lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ohun tó da ìyá ọjọ́ ìkórè rú nìyẹn: ẹsẹ̀ rẹ̀ ń retí pé ọ̀tún náà ni yóò máa bẹ̀rẹ̀. Kí la máa ṣe? Ẹ má fi ìyípo kan ṣe odindi. Ẹ fi méjì ṣe é. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀tún yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Nínú àkọ́kọ́, ìwúwo "Ṣá" á bọ́ sí ọ̀tún, ti "Rẹ́" á bọ́ sí òsì. Nínú èkejì, "Ṣá" á bọ́ sí òsì, "Rẹ́" á bọ́ sí ọ̀tún. Ara á fì síhìn-ín, á fì sọ́hùn-ún. Nínú méje, "Ẹ wá, ẹ jó, Ṣágámù", ó tún yàtọ̀: ìwúwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bọ́ sórí ọ̀tún nínú ìyípo kìíní, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bọ́ sórí òsì nínú èkejì. Ẹ wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó jẹ́ ọ̀gbà ara wọn, ní Ojúde Ọba l'Ọ́jọ́ kẹta Iléyá, bí wọ́n ṣe ń rọra yí ara láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì nínú aṣọ ńlá yẹn. Ara Ìjẹ̀bú ti mọ fífì. Ohun tó kù ni kí orin yín fún ìfì náà láyè. Nítorí náà, ẹ kọ orin yín ní méjì-méjì: ìyípo kan pè, èkejì dáhùn. Ìpè bọ́ sí ọ̀tún, ìdáhùn bọ́ sí òsì. Lílé àti gbígbè tí a ti mọ̀ tipẹ́ náà ni.

Ọ̀nà kejì, kí ìgbésẹ̀ máa gùn kó máa kúrú. Èyí wà fún orin tó yá. Ní Bùlùgáríà, ijó kan wà tí wọ́n ń pè ní rachenitsa. Méje ni òǹkà rẹ̀, ó sì máa ń yá gan-an, wọ́n ń jó o níbi ìgbéyàwó. Ẹ rò pé wọ́n ń ka méje? Wọn ò kà á. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé: kúkurú, kúkurú, gígùn. Méjì, méjì, mẹ́ta. Àwọn ará Gíríìsì náà ní tiwọn, kalamatianos, òun náà méje ni, ṣùgbọ́n gígùn ló ṣáájú: mẹ́ta, méjì, méjì. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń yí agbo, tọmọdé tàgbà. Àwọn ará Tọ́kì ń pe irú ìlù yìí ní aksak, ohun tó túmọ̀ sí lédè wọn ni ìtiro. Orúkọ náà wù mí, torí ẹni tó ń tiro kì í ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ó mọ ẹsẹ̀ tó máa ń pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i o: tí ìlù bá falẹ̀, ẹ lo ọ̀nà kìíní, tó bá yá, ẹ lo èkejì. Ẹni tó bá gbé ìgbésẹ̀ méje nínú ìlù tó yá, àárẹ̀ á mú un kí orin tó dé ìdajì.

Ó ku ọ̀rọ̀ lórí ohun tó dúró, ohun tí mo máa ń pè ní ìdákọ̀ró. Ní 1958, òyìnbó atẹdùrù ará Amẹ́ríkà kan, Dave Brubeck, rìnrìn àjò dé Istanbul ní Tọ́kì. Ó gbọ́ àwọn onílù ojú pópó níbẹ̀ tí wọ́n ń lu mẹ́sàn-án: méjì, méjì, méjì, mẹ́ta. Ó gbé e lọ sílé. Ní 1959, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àwo kan tó kún fún òǹkà bẹ́ẹ̀, orin tó sì gbayì jù nínú rẹ̀ ni "Take Five", tí Paul Desmond, onífèrè rẹ̀, kọ. Márùn-ún ni. Kí ló mú kí etí gbà á káàkiri ayé? Ẹ gbọ́ ohun tí dùrù ń ṣe níbẹ̀. Ohun kan náà ló ń tẹ̀, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, méjì. Kódà nígbà tí Joe Morello ń fi ìlù dárà, dùrù ò kúrò níbẹ̀. Brubeck mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ gbà á láti tẹ ohun tó le, ṣùgbọ́n ó jókòó ti ìdákọ̀ró náà kí ẹlòmíràn lè rìn jìnnà.

Ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú àpàlà? Àgídìgbo ni! Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, Hárúnà Ìṣọ̀lá tó jẹ́ ọmọ yín, ẹ gbọ́ àwọn àwo rẹ̀. Àgídìgbo ń wí ohun kan náà nísàlẹ̀, kò kánjú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wá ń pòwe lórí wọn. Àwọn àgbà ní, bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe yẹn. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, mo fẹ́ kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan náà lè jó.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìkórè yẹn, mo tún orin náà kọ. Mo kó gbogbo ọ̀ṣọ́ tí mo fi sórí dùrù kúrò. Mo wá ẹni tó ń lu àgídìgbo, mo fún un ní gbólóhùn kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má yẹ̀ ẹ́ títí orin á fi parí. Mo dín ìyára rẹ̀ kù. Mo pín in sí lílé àti gbígbè. A fi àgídìgbo nìkan ṣáájú, ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kí ẹnikẹ́ni tó kọrin. Kí ó tó dé ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo rí orí àwọn èèyàn tó ń mì. Àwọn kan ṣì ń wo ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jó bọ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n agbo ò dúró.

Kí n yára kọjá lórí àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin onídírọ́ọ̀mù, ẹ má máa gbá àwo irin gbàràà ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìyípo bí ẹni ń fi ìka hàn pé "Ọ̀kan nìyí o!" Ẹni tó ń jó ò fẹ́ mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á sókè, ẹ ṣọ́ra: àwọn baba wa ń ná ọjà ọrọọrún, bí wọ́n bá sì ń kà á, wọ́n á ka ọjọ́ ọjà òní mọ́ ọn, wọ́n á tún ka ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Nínú ìlù, ẹni tó bá ka ìbẹ̀rẹ̀ tó kàn mọ́ ìyípo tó wà lọ́wọ́ ti sọ márùn-ún di mẹ́fà, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ yín ti máa ń tú. Ẹ má sì máa yí òǹkà padà láti márùn-ún sí méje sí mẹ́rin nínú orin kan, ká lè mọ̀ pé ẹ kàwé. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ gbé inú rẹ̀ pẹ́.

Ìbéèrè kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ wí i sókè, ìyá. Wọ́n ní, "Ṣé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè jó o?" Ìbéèrè yìí dára. Ìyá, ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ń gbọ́ ìwúwo rẹ̀. Kò mọ̀ pé Ṣágámù ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ibi tí "Ṣá" ti balẹ̀ àti ibi tí "Rẹ́" ti balẹ̀. Èmi náà ò gbọ́ èdè àwọn ará Bùlùgáríà, ẹsẹ̀ mi sì ti gbọ́ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ mi ti tó báyìí. Ẹ dìde, gbogbo wa. Ẹ sún àga sẹ́yìn. Bàbá onígángan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ "Ṣágámù Rẹ́mọ" lọ, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀yin tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀yin lẹ ó máa lé, "Ṣágámù Rẹ́mọ". Ẹ̀yin ọwọ́ òsì, ẹ̀yin lẹ ó máa gbè é, "Ṣágámù Rẹ́mọ". Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ ní sùúrù, tiyín ló kàn, ẹ ó sì rí i bí ìfì rẹ̀ ṣe máa yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ má ka nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí bàbá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ná.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún la ó fi bẹ̀rẹ̀.